Ọlọ́pàá Ológun Tó Ní Òun Ti Yó

Ìbéèrè ló gbé mi wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ torí owó oṣù, àwọn kan torí pé yúnífọ́ọ̀mù bá wọn lára mu, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ilé ló sú wọn. Èmi, ọ̀rọ̀ kan ló wà níkùn mi láti kékeré tí kò jẹ́ kí n sinmi, n ò sì rí ẹni bi. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kàkà kí n sunkún, ojú agbẹ̀bí ni mo ń wò bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Sójà ni bàbá mi. Bárékè kan lápá Òjó la ti dàgbà, níbi tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá wúkọ́ nílé kan, wọn á kí i ní "pẹ̀lẹ́" láti ilé kejì. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ọlọ́pàá ológun. Àwọn sójà tó ń mú sójà ẹgbẹ́ wọn tó bá rú òfin nìyẹn. Fìlà pupa ni wọ́n ń dé, bẹ́líìtì funfun ni wọ́n ń dè mọ́dìí, kò sì sí sójà tó fẹ́ràn àtirí wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi fẹ́ràn èyí. Ilé wa ló máa ń yà bó bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì yó rí. Bí ìyá mi bá gbé ẹ̀bà méjì síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á wá fojú wá ìdí ìkòkò, á ní, "Ìyàwó wa, ṣé kò sí àbúrò ẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Àwa ọmọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá jẹun jù, a ó ní onífìlà pupa ti wọ inú ẹ̀ lọ.

Lọ́dún tí ìyá bàbá mi kú, bàbá mi gba ìsinmi lọ sin ín. Ọjọ́ ìsinmi pé, kò padà. Òun nìkan ni ọkùnrin tí màmá náà bí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ fi òkú màmá bò mọ́lẹ̀, ló bá jókòó tì í títí ó fi yanjú. Lọ́dọ̀ ológun, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn, òun náà sì mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wọlé dé. Ìyá mi gbé oúnjẹ fún un, ó ní bí òun bá ti jẹ ẹ́ tán, òun á lọ fara òun hàn ní ọ́fíìsì. Kò tíì jẹ ẹ́ jìnnà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà pupa lórí, bẹ́líìtì funfun nídìí.

Ó gbé ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó kí bàbá mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Bàbá mi wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ní, "Wá jẹun."

Ọkùnrin náà ní, "Mo ti yó."

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wò mí. Yó kẹ̀! Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ nínú oúnjẹ èèyàn, "á gba ibi ire" ló yẹ kó sọ, kó sì rẹ́rìn-ín sí i. Kò rẹ́rìn-ín.  Ó kàn dúró síbẹ̀ títí bàbá mi fi jẹun tán, ó sì pẹ́. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ dìde lọ fọwọ́ lẹ́yìnkùlé, ọkùnrin náà ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá." Òun fúnra rẹ̀ lọ bu omi nínú àmù wa, ó gbé abọ́ sábẹ́ ọwọ́ bàbá mi, ó sì rọra ń da omi lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi wọ ẹ̀wù, ó dé fìlà, wọ́n sì jọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó ń lọ nasẹ̀.

Wọ́n ti bàbá mi mọ́ gáàdírúùmù, wọ́n sì já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Ó fara da ìyẹn. "Mo ti yó" ni kò fara dà. Kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí òkè ọya, ọdún sì gorí ọdún kí ẹnì kan tó wá sọ fún wa pé ó ti kú. Gbogbo ohun tí bàbá mi sọ kò ju, "Ṣé ó ti wá yó báyìí?" Ìyá mi kọjú sí ògiri, ó sunkún. Èmi ò sunkún, ìbéèrè ló ń jẹ mí nínú. Bí ọkùnrin yẹn bá kórìíra bàbá mi, kí ló dé tó fi dúró dè é kó jẹun tán, tó tún bu omi ìfọwọ́ fún un? Bó bá sì fẹ́ràn rẹ̀, kí ló dé tó fi parọ́ mọ́ oúnjẹ rẹ̀?

Nígbà tí èmi náà di sójà, tí wọ́n wá ń béèrè ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ológun, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mo lọ sọ fún bàbá mi ní Morógbó, níbi tó kọ́lé sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Kò pariwo. Ó nu símẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ tí o bá dé fìlà pupa wọ ọgbà yìí, bí o bá bá mi nídìí oúnjẹ, má retí pé n ó ní kí o wá jẹun."

Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ohun tó wí. Kí bàbá èèyàn máa jẹun kó má pè é! Àlejò tí a ò mọ̀ rí là ń pè, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí padà, ta ló máa dá mi lóhùn?

Apá Àgbádárìgì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Iyanrìn wà nínú bàtà, ó wà nínú ibùsùn, ó wà nínú ẹ̀bà. Láti ibẹ̀ la ti ń gbọ́ hóònù ọkọ̀ tó ń lọ Sẹ̀mẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n da ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ pọ̀ sí kíláàsì kan. Àwa sójà kéékèèké jókòó, àwọn tó ní ìràwọ̀ léjìká jókòó tì wá, òógùn kan náà la jọ ń là. Lẹfutẹ́náǹtì kan ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́, ọmọ Ìbàdàn, tó jáde yunifásítì, ọmọlúàbí tó jẹ́ pé bó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, á bẹ̀ ọ́ títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ òun náà.

Ègùn ni àgbà tísà wa, ọmọ abúlé kan létí ọ̀sà. Yorùbá rẹ̀ já gaara bí inú rẹ̀ bá dùn. Bí inú bá ń bí i, Ègùn ló fi ń bú wa, a kò sì mọ ohun tó bú wa, ìyẹn ló tún ń bà wá lẹ́rù jù. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé ká tó mú ẹni tó jù wá lọ, ká kọ́kọ́ kí i. "Ipò rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀," ló wí. "Kí ipò náà. Lẹ́yìn náà, mú ẹni tó wọ̀ ọ́." Ó ní ọwọ́ ni ká máa wò, ká má wo ojú, torí ojú máa ń parọ́. Ó ní bí a bá mú èèyàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká máa rìn, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ lẹ̀ ń dà ni?"

Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Kódà ọjọ́ tí wọ́n kó wa lọ sétí òkun láti kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Igi àgbọn ni ọkọ̀. Lẹfutẹ́náǹtì mi fọn fèrè, ó ní kí igi kan dúró, ó juwọ́ sí èkejì pé kó máa bọ̀. Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n dá ọwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ọ̀gá, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì yẹn ò gbọ́ràn o, ẹ mú un!" A rẹ́rìn-ín títí tísà fi bẹ̀rẹ̀ Ègùn.

Mo bi tísà lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ọ̀gá, bí a bá bá ẹni tí a wá mú nídìí oúnjẹ ńkọ́?"

Ó wò mí sùn-ùn. "Ìwọ, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju iyanrìn ibí lọ. Ìyẹn ń bọ̀."

Nígbà tó máa bọ̀, ìdánwò ló bá dé. Ilé onípáànù kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni pé ilé sójà ni: àga, tábìlì, ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó dojú kọ òkun. Tísà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe sójà tó rú òfin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa á wọlé, á mú un, àwọn yòókù á máa wò láti ojú fèrèsé. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó ti wá ló ń padà sí, fìlà pupa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Kí n ti bá bàbá mi jà, kí n tún padà láìrí ohun tí mo lọ wá? Oorun ò kùn mí. Oúnjẹ tó sì wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti eré: ẹ̀bà tó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ilá, ẹja ọ̀sà dídín. Àwa sì rèé, láti àárọ̀ la ti ń sáré nínú iyanrìn.

Lẹfutẹ́náǹtì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó kí i dáadáa. Tísà ní, "Ọmọ mi, wá jẹun."

"Á gba ibi ire, ọ̀gá."

"Rárá o. O ò lè wọ ilé mi kí o má fọwọ́ ba nǹkan. Àbí o rò pé mo fi májèlé sí i ni?"

Ọmọ Ìbàdàn wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀kọ́ ilé ti mú un lọ́rùn. Kí àgbàlagbà pe èèyàn, kó tún pe èèyàn! Ó bá tẹríba, ó fọwọ́, ó gé òkèlè kékeré kan, ó fi kan ọbẹ̀. Tísà jẹ́ kó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ó yá, mú mi."

Lẹfutẹ́náǹtì ò lè mú un. A ń wò ó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mi ò lọ. Jẹ ẹja sí i."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n tísà ò rẹ́rìn-ín. Ó pè wá wọlé, ó ní ká fetí sílẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ẹni tó wá mú ti di àlejò rẹ̀. Àlejò kì í mú onílé. Bẹ́ẹ bá jẹ ẹ́, táwọn ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín. Wọ́n á rán ẹlòmíì tí kò mọ onílé rí, ẹ̀yin náà á sì wá ṣàlàyé ara yín. Nítorí náà, ẹ má jẹ ẹ́. Bí bàbá yín ló sè é, ẹ má jẹ ẹ́."

 Kí n tó ro ọ̀rọ̀ yẹn tán, wọ́n ti pe èmi.

Mo wọlé. Mo kí i. Ó ní, "Wá jẹun." Òórùn ẹja yẹn wọ imú mi, ó lọ títí dé ìsàlẹ̀ ikùn mi. Mo lanu láti sọ pé á gba ibi ire, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Mo ti yó." Mo gbọ́ ohùn ara mi.  Ebi ń pa mí débi pé bí tísà bá fún mi ní eegun ẹja, mo lè gbà á, èmi ni mo sì ń sọ pé mo ti yó. Orí mi lọ sí bárékè Òjó, n kò mọ ibi tí mo dúró sí mọ́. Tísà jẹun tán, ó lá ọwọ́, ó ní, "Jẹ́ kí n lọ fọwọ́ lẹ́yìn." Mo ní, "Ó dáa, ọ̀gá." Mo dúró, mo ń ṣọ́ àwo. Mo dúró títí. Ìgbà tí mo fi máa yọjú sí ẹ̀yìn ilé, tísà ti wà létí òkun lọ́hùn-ún, ó ń fi ọwọ́ ọbẹ̀ juwọ́ sí mi.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àwo, ohun tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Inú bí mi, mo bú ẹni méjì, mo fẹ́ bú lẹfutẹ́náǹtì náà, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ ń bẹ̀ mí. Ìkùnà kan ti bá mi, ó ku ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún wọlé. Ó pè mí jẹun, mo kọ̀. Mo dúró síbi tí mo ti ń rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó jẹun tán, ó fẹ́ dìde. Mo ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá." Mo bu omi nínú kórobá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé abọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo da omi lé e. Ó fọwọ́ tán, ó dìde, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì jọ jáde. 

Tísà ní, "Ta ló kọ́ ọ? A ò tíì kọ́ yín ní ìyẹn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bàbá mi títí dé orí ikú ọkùnrin náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ni: ọwọ́ tó wà nínú omi kò lè mú ìbọn, ẹni tí omi sì wá bá níbi tó jókòó kò ní rí ìdí tó fi máa lọ sẹ́yìnkùlé. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ìfẹ́ ni omi yẹn, àṣé iṣẹ́ ni.

Mo ní, "Ọ̀gá, dídúró tó dúró kí bàbá mi jẹun tán ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà wà nínú òfin?"

Tísà ní, "Kò sí nínú òfin kankan. Òfin ní kó mú un lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ pé ó dúró, òun gan-an ló máa wọ gáàdírúùmù." Ó wo òkun. "Ṣùgbọ́n oúnjẹ gáàdírúùmù yẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ jẹ èyí tó dáa tán kó tó lọ ni."

Bí mo ṣe gba fìlà pupa nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé e fún wa, ìyá mi nìkan ló wá. Àwa méjèèjì la jọ wọkọ̀ lọ Morógbó. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, bọ́ fìlà yẹn sínú báàgì. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́." Mo ní rárá. Ṣé mo jí i ni?

A bá bàbá mi lábẹ́ ìbòji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù tó sá sóòrùn. Ó ń jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo bá yín ire, bàbá mi." Ó rí mi. Ó rí fìlà. Ó gé òkèlè, ó fi sẹ́nu. Kò pè mí. Ìyá mi wọlé lọ, kò lè wò ó. Mo dìde, mo dúró. Mo dúró títí ó fi jẹ ẹ̀bà náà tán tó ku ẹja. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún tó ń dùn ún, ó fẹ́ dìde lọ fọwọ́.

Mo ní, "Ẹ jókòó, bàbá mi."

Mo bu omi wá. Mo gbé abọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo rọra ń da omi. Ó ń wo omi náà. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Ọ̀rẹ́ yín ni."

"Má dárúkọ ẹ̀ nínú ọgbà yìí."

"N ò dárúkọ ẹ̀, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Òfin ni pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ẹni tó wá mú, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á rán ẹlòmíì. Ẹlòmíì ò ní dúró kẹ́ ẹ jẹun tán. Á wọ́ yín jáde lójú àwa ọmọ yín, pẹ̀lú ẹ̀bà lọ́wọ́. Òun náà ò gbọdọ̀ dúró. Ó dúró."

Omi ń kán láti ọwọ́ bàbá mi sínú abọ́. Kò fà á kúrò. Ó ní, "Ìyẹn ni pé kò tíì yó."

"Ṣé ó yó rí ni, bàbá mi?"

"Ebi ń pa á." Ó mi orí, ó tún un sọ. "Ebi ń pa á, ó sì dúró síbẹ̀. Èmi sì mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni o. Mo ní kí ẹsẹ̀ ro ó."

 Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú, kì í ṣe ọwọ́ tó tutù ló nù. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ti àwo ẹja náà sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, "Wá jẹun."

Mo bọ́ fìlà. Mo wá ibi tí mo máa gbé e sí, símẹ́ńtì ló kún gbogbo ibẹ̀. Bàbá mi nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa mọ́ ṣòkòtò, iwájú àti ẹ̀yìn, ó na án sí mi. Mo gbé fìlà náà fún un, ó gbé e lé orúnkún, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí mo fi jẹ ẹja náà tán.